Ọ̀nà tí a kì í tọ̀ ló ń dí: ìtọ́sọ́nà lórí ìrántí, ìgbàgbé àti àárò

Ẹni tó bá ń sọ pé "orí mi kò gba nǹkan mọ́" sábà máa ń rò pé àpótí kan wà nínú ọpọlọ òun tó ti kún tàbí tó ti ń jò. Kò sí àpótí kankan níbẹ̀. Ohun tí a bá kọ́ máa ń di ìsopọ̀ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ìsopọ̀ yẹn sì dà bí ojú ọ̀nà inú igbó: bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́, á máa mọ́ sí i; bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí rẹ̀, koríko á bò ó. Nígbà tí a bá sì rántí nǹkan, ńṣe ni ọpọlọ ń tún un tò láti inú èérún tó wà káàkiri: ohùn níbi kan, àwòrán níbòmíràn, bó ṣe rí lára wa níbòmíràn. Nítorí náà, fífà tí a ń fa ìrántí jáde ló ń mú un lágbára, fífà yẹn kan náà ló sì lè yí i padà. Orí kókó yìí ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Ibo ni ọ̀nà ti já?

Ibi mẹ́ta ni ìrántí ti lè bà jẹ́: nígbà tó ń wọlé, nígbà tó wà ní ìpamọ́, àti nígbà tí a fẹ́ mú un jáde. Àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá ń tún ibi tí kò bà jẹ́ ṣe, òfìfo ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ohun kan tí ẹ rò pé ẹ ti gbàgbé, kí ẹnì kan sọ ìdáhùn rẹ̀ fún yín, kí ẹ wá wo bó ṣe bọ́ sí yín létí.

- Bí ẹ bá ní "Òun náà ni! Ó wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀," ó wọlé, ó sì wà níbẹ̀. Okùn tí ẹ ó fi fà á ni ẹ kò rí.
- Bí ìdáhùn náà bá jọ tuntun pátápátá, bí ẹni pé ẹ kò gbọ́ ọ rí, ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ wọlé. Ojú yín wà níbẹ̀, ọkàn yín kò sí níbẹ̀.
- Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dáadáa lánàá, tó jẹ́ ìlàjì rẹ̀ ló kù lónìí, ìpamọ́ ló mẹ́hẹ.

Nínú ohun tí àwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́, bíi kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, tàbí ojú ìwé mẹ́wàá tí a kà tí ohun kan kò dúró nínú rẹ̀, ti pé kò wọlé yìí ló pọ̀ jù. Kò sì sí ọgbọ́n tó lè mú ohun tí kò wọlé jáde.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún 1953, ní Amẹ́ríkà, dókítà William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 27 tí wárápá ń dà láàmú. Ó gé púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀yà ọpọlọ kékeré ni hippocampus, ó wà nínú lọ́hùn-ún ní ìhà etí wa méjèèjì, òun ló sì ń di èérún ìṣẹ̀lẹ̀ kan pọ̀ kó tó lè di ìrántí. Wárápá náà rọlẹ̀ gan-an. Àmọ́ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú lọ́dún 2008, ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kò dúró lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ tán, tó jáde, tó tún wọlé, àjèjì ni. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ní kó máa fi bírò tọ ipa àwòrán ìràwọ̀ kan nípa wíwo inú dígí, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ nígbà gbogbo pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ń rántí ohun tí ẹnu kò lè ròyìn. Ìdí nìyẹn tí ìwé kíkà kò fi lè rọ́pò ìfọwọ́ṣe: ẹni tó bá fẹ́ mọ títẹ kọ̀ǹpútà, ìwakọ̀ tàbí ìlù lílù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́, ojúmọ́ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹnu ọ̀nà: bí nǹkan ṣe ń wọlé

Ibi tí a ń di ọ̀rọ̀ mú sí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kéré ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún 1956, George Miller sọ pé nǹkan méje ló ń gbà, ó lè fi méjì lé, ó lè fi méjì dín. Nígbà tó di ọdún 2001, Nelson Cowan fi hàn pé bí a kò bá jẹ́ kí èèyàn kó nǹkan pọ̀ sí ìdì tàbí kó máa tún un pè nínú ara rẹ̀, mẹ́rin péré ló ń dúró. Kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1959, Lloyd àti Margaret Peterson fún àwọn èèyàn ní lẹ́tà mẹ́ta láti dì mú, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Lẹ́tà mẹ́ta péré! Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pe nọ́ńbà fún yín, tí ẹlòmíràn sì bi yín léèrè nǹkan kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ogbó ló dé.

Ẹ kó wọn sí ìdì. Ẹ wo nọ́ńbà yìí: 195320081885. Ẹyọ 12 ni, kò sí ẹni tí yóò gbé e. Ẹ gé e sí 1953, 2008, 1885, ìdì mẹ́ta ló kù. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọdún iṣẹ́ abẹ Molaison àti ọdún ikú rẹ̀ ni méjì àkọ́kọ́, ẹ ti há a sórí ná. (Ẹ óò pàdé 1885 láìpẹ́.)

Ẹ fún un ní ìtumọ̀. Fergus Craik àti Endel Tulving fi hàn lọ́dún 1975 pé ẹni tí a bi bóyá lẹ́tà ńlá ni a fi kọ ọ̀rọ̀ kan kì í rántí ọ̀rọ̀ náà tó ẹni tí a bi bóyá ọ̀rọ̀ náà bá gbólóhùn kan mu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú kan náà ló rí i, iṣẹ́ tí ọpọlọ fi ṣe ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ń kàwé, ẹ dúró lópin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín: kí nìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀? Kí ló jọ nínú ohun tí mo ti mọ̀? Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Orúkọ èèyàn ló ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu jù, ó sì ní ìdí: orúkọ kì í sábà sọ ohunkóhun nípa ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ fún yín, ẹ pè é padà lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe kedere, ẹ ní kí wọ́n tún un pè. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Ẹ wo ohun kan tó hàn lójú rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ orúkọ náà pẹ̀lú àwòrán tó panilẹ́rìn-ín. Ẹ tún fi orúkọ náà pè é ní àárín ọ̀rọ̀, ẹ sì fi dágbére. Ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, dára ju ìgbà mẹ́wàá léraléra lọ.

Ti kọ́kọ́rọ́ àti dígí ojú kò le: ojúkan ṣoṣo ni kí ẹ yàn fún wọn. Nígbà tí ẹ bá sì fi nǹkan síbi tí kì í gbé, ẹ sọ ọ́ síta: "Ìwé ìrìnnà wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì." Ẹni tó wà nítòsí lè wò yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó wò.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni kíka ìwé lákàtúnkà àti fífi bírò aláwọ̀ kun gbólóhùn. Ojú á mọ ojú ìwé náà, ọkàn á wá rò pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1979, Raymond Nickerson àti Marilyn Adams ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà ya owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń ná láti kékeré. Díẹ̀ ló lè yà á tó pé. Rírí nǹkan nígbà gbogbo kì í ṣe kíkọ́ ọ.

Ìpamọ́: àlàfo àti oorun

Lọ́dún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdánwò tó ṣe fún ara rẹ̀ nìkan. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wo iye àkókò tí yóò jèrè bó bá tún wọn kọ́. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ó jèrè ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó kọ́kọ́ fi kọ́ wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí 34. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21. Ẹ wo bó ṣe ń já: wákàtí kan péré ló gba ohun tó ju ìlàjì lọ, oṣù kan tó kù kò sì gbà tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ohun tó nítumọ̀ kì í tètè lọ tó sílébù asán, àmọ́ bó ṣe ń já kíá níbẹ̀rẹ̀ kò yí padà. Ìyẹn ni pé àtúnyẹ̀wò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tètè dé, àwọn tó tẹ̀ lé e sì lè máa jìnnà síra.

Báwo ni kí wọ́n ṣe jìnnà tó? Ìgbà tí ẹ fẹ́ lo ohun náà ló ń pinnu. Ìwádìí ńlá kan tí Nicholas Cepeda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé bí ìdánwò bá kù ọ̀sẹ̀ kan, àlàfo nǹkan bí ọjọ́ kan láàárín kíkọ́ àti àtúnyẹ̀wò ló dára jù. Bó bá kù nǹkan bí ọdún kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Fún ohun tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ lórí yín, ètò yìí ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oṣù kan. Kì í ṣe òfin. Bí ìdáhùn bá ń yá lẹ́nu yín láìronú, àlàfo náà kúrú jù, ẹ fà á gùn. Bí ẹ bá ti gbàgbé pátápátá, ó gùn jù, ẹ padà sí ọjọ́ kan. Ibi tó ti nira díẹ̀ kí ẹ tó rí i ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nígbà gbogbo kì í dé ìdí.

Oorun kì í ṣe àkókò tó ṣòfò. Nígbà tí a bá sùn wọra, hippocampus máa ń tún ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án gbà kọjá, ó sì ń fi lé èèpo ọpọlọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Láti ọdún 1924 ni John Jenkins àti Karl Dallenbach ti fi hàn pé ẹni tó sùn lẹ́yìn tó kọ́ nǹkan kì í gbàgbé tó ẹni tó wà lójúfò fún iye wákàtí kan náà. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹni tó bá fi òru mọ́jú kàwé lè rí nǹkan kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a kò sẹ́ ìyẹn. Ẹ bi í léèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọtí líle nírọ̀lẹ́ náà ń da oorun yẹn rú, bó tilẹ̀ ń tètè gbéni sùn.

Fífà á jáde: ibi tí iṣẹ́ wà

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú èyí. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan ka àkọsílẹ̀ kan ní ìgbà mẹ́rin. Òmíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá fi ìgbà mẹ́ta tó kù gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rántí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kejì sì rántí 61. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn yóò rántí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ kà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ pa ìwé dé. Ẹ mú ìwé funfun, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn, bó ti wù kó rí wúruwùru, títí yóò fi tán lórí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì sí i, nítorí pé inú ìṣẹ́jú méjì yẹn ni àwọn tó fara pa mọ́ ti ń jáde. Ẹ ṣí ìwé, kí ẹ fi bírò aláwọ̀ míì tún àṣìṣe ṣe. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó ṣí ìwé rárá, ìwé funfun ni ẹ ó kọ́kọ́ mú. Àṣìṣe tí ẹ ṣe kò ní dúró lórí yín bí ẹ bá tún un ṣe kíá. Bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, á dúró.

Fún ọ̀rọ̀ èdè tuntun, orúkọ egungun, ọdún ìtàn àti irú wọn, káàdì ló dára. Ètò àpótí tí oníròyìn Sebastian Leitner sọ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1970 kò tíì di àgbàgbé, òun náà ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ áàpù lónìí. Ẹ pín àpótí kan sí yàrá márùn-ún. Gbogbo káàdì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kìíní, tí ẹ ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá gbà ń lọ sí yàrá kejì (ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta), ìkẹta (ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀), ìkẹrin (ọ̀sẹ̀ méjì-méjì), ìkarùn-ún (oṣooṣù). Èyí tí ẹ bá ṣì, ibi yòówù kó wà, ó padà sí yàrá kìíní.

Àṣìṣe mẹ́ta ló ń ba káàdì jẹ́. Àkọ́kọ́, kíkọ ìpínrọ̀ odindi sí ẹ̀yìn káàdì kan. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan ni. Èkejì, yíyí i padà kí ẹ tó gbìyànjú. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ara yín kí ẹ tó wò ó. Ẹ̀kẹta ni ọ̀kánjúwà. Káàdì tuntun 10 lójúmọ́ tó. Ẹni tó bá ń kó 50 wọlé lójúmọ́ kò tíì rò ó pé ti àná, ti ìjẹta àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yóò pàdé òun lọ́jọ́ kan náà.

Ilé ìrántí, fún ohun tó gbọ́dọ̀ tò léra

Cicero, ará Róòmù àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé akéwì ilẹ̀ Gíríìsì kan, Simonides, ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀: òrùlé wó lu àwọn tó ń jàsè, òkú wọn kò ṣeé dá mọ̀, àmọ́ Simonides rántí ibi tí oníkálùkù jókòó sí. Bóyá ìtàn ni, bóyá òótọ́ ni, ọpọlọ wa mọ ibi ju bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ lọ.

1. Ẹ mú ilé kan tí ẹ lè fi ojú inú rìn nínú rẹ̀. Ẹ yan ibi 10, lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ ṣe máa ń rìn: ẹnu ilẹ̀kùn, àga àkọ́kọ́, fèrèsé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rìn ín lọ, kí ẹ rìn ín bọ̀, kí ó tó di pé ẹ fi ohunkóhun síbẹ̀.
2. Ẹ sọ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ rántí di àwòrán, kí àwòrán náà sì ṣe nǹkan sí ibi tí ẹ gbé e sí. Àwòrán tó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga á pòórá. Èyí tó ń fọ́ àga náà á dúró.
3. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì láìwo ìwé, lẹ́yìn náà ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà lọ́jọ́ kejì.

Ilé kan kò gbọ́dọ̀ gba àtòkọ méjì láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á dàpọ̀. Ẹ má sì lò ó fún ohun tó nílò òye. Ẹni tó há àwọn ìgbésẹ̀ ìṣirò sórí nínú ilé ìrántí lè kà wọ́n bí orin, kó má mọ ìdí tí ọ̀kan fi tẹ̀ lé èkejì.

Bó bá wà lẹ́nu tí kò jáde

Ẹ má jà á. Ìyẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: bí ẹ bá ṣe ń fipá wá a pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó ṣìnà yẹn ń mọ́ sí i, tí ẹ ó sì tún kọsẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ míì. Ẹ gbìyànjú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gba inú lẹ́tà a, b, d kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan yóò fà á. Ẹ rántí ibi tí ẹ ti kọ́ ọ, ẹni tó sọ ọ́, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Lọ́dún 1975, Duncan Godden àti Alan Baddeley ní kí àwọn òmùwẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́ omi àti lórí ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ lábẹ́ omi, abẹ́ omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ dáadáa jù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wọ yàrá tó sì gbàgbé ohun tó wá mú fi máa ń rántí bó bá padà síbi tó ti gbéra. Bí kò bá jáde, ẹ béèrè tàbí kí ẹ wá a. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ pè é síta lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí a fẹ́ ṣe lọ́la yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe orí ló yẹ kó gbé e. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀: "Bí mo bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sílẹ̀, màá lo oògùn." Kí oògùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ó tán.

Ìrántí tó dá ẹni lójú, tí kì í ṣe òótọ́

Níwọ̀n bí a ti ń tún ìrántí tò ní gbogbo ìgbà tí a bá fà á, ohun àjèjì lè bá a wọlé. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn èèyàn. Wọ́n bi àwọn kan bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n "kọlu" ara wọn, wọ́n sì bi àwọn míì bí wọ́n ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n "fọ́ ara wọn yángá". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé wọ́n rí dígí fífọ́. Kò sí dígí fífọ́ kankan nínú fíìmù náà, síbẹ̀ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó gbọ́ "fọ́ yángá" ní àwọn rí i, ní ìfiwéra pẹ̀lú 14 lára àwọn tó gbọ́ "kọlu". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó dígí wọlé.

Ìbànújẹ́ ńlá kò sì dá a dúró. Nígbà tí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, gbiná ní January 1986, Ulric Neisser àti Nicole Harsch gba àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kejì lórí bí wọ́n ṣe gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n sì tún bi wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Nínú 44, 11 ló gba òdo: ibi tí wọ́n wà, ẹni tó sọ fún wọn, gbogbo rẹ̀ ló ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fọwọ́ sọ̀yà.

Nítorí náà, bí ohun tó ṣe pàtàkì bá ṣojú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, pẹ̀lú déètì àti aago. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ń bi ọmọdé léèrè, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni ẹ ó sọ, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má ní "Ṣé ó lù ẹ́ ni?" Ẹ sì má fi ìdánilójú ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rí, ti ara yín pẹ̀lú.

Ìgbàgbé tó yẹ kí dókítà gbọ́

Kí orúkọ sá lọ kó sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ewu níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ẹni tó ń béèrè ìbéèrè kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sọnù lójú ọ̀nà tó mọ̀ bí ẹni mowó, tí kò lè ṣe ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ mọ́, pàápàá bó bá jẹ́ àwọn ará ilé ló ń rí i tí òun kò rí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àrùn arán. Àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid (ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn), ìdààmú ọkàn, àìrí oorun sùn, ọtí, àti àwọn oògùn kan, bí oògùn oorun àti oògùn ara yíyún bíi diphenhydramine, lè mú kí ọpọlọ ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣeé tọ́jú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání lọ bá dókítà, kí ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti àpẹẹrẹ mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Bó bá jẹ́ òjijì, tí ẹnu ẹni náà wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àárò

Lọ́dún 1688, ní ìlú Basel, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Johannes Hofer, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ìpadàsílé àti ìrora, di nostalgia, láti fi sọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe àwọn tó jìnnà sí ilé, pàápàá àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Àìsàn ni àwọn dókítà kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Èdè tiwa kò nílò Gíríìkì fún un: àárò ń sọni. Lónìí, àwọn onímọ̀ ọkàn kò kà á sí àìsàn mọ́. Ìwádìí Tim Wildschut àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2006 fi hàn pé ìgbà tí inú èèyàn kò dùn tàbí tó dá wà ni àárò sábà máa ń dé, ó sì ń mú kó rí i pé òun ní ẹni.

Kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba sórí ọjọ́ ayé wa. Ìrántí àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá sì bi arúgbó léèrè ìtàn ayé rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ni yóò wá láti ọdún 10 sí 30, ìgbà tí ohun gbogbo jẹ́ àkọ́kọ́: iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìfẹ́ àkọ́kọ́, ìrìn àjò àkọ́kọ́. Òórùn wà lára ohun tó ń tètè fà á, nítorí pé ọ̀nà tó gbà láti imú dé amygdala, ẹ̀yà ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀lára, àti hippocampus kúrú ju ti ojú àti etí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dáadáa, ẹ mú ọjọ́ kan pàtó. "Ìgbà èwe mi" kò tó. Ẹ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ, bí ibẹ̀ ṣe rí, fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìrora inú ìrántí máa ń yára ṣá ju ayọ̀ inú rẹ̀ lọ, ni àná á bá máa jọ párádísè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi lónìí wé àtijọ́ ṣáá, ẹ kọ ohun mẹ́ta tó dùn yín nígbà náà. Wọ́n á jáde, wọ́n kàn fara pa mọ́ ni.

Fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ rántí?" Ìdánwò nìyẹn, ó sì ń kó ìtìjú bá wọn. Ẹ fi fọ́tò sí wọn lọ́wọ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Aṣọ yìí mà dára o." Ẹ fi orin ìgbà èwe wọn sí i. Kí ẹ wá fún wọn láyè. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan kò gùn jù.

Ẹ má sì fi fọ́tò sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ibi tí ẹ wà, oṣù àti ọdún, ẹni tó yà á, àti ohun kan tí kò hàn nínú fọ́tò náà: ohun tí gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín sí.